Ṣé orí ló fà á, àbí ọwọ́ ẹni? Àlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kádàrá ti dàrú mọ́ lójú

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló gba ẹnu àwọn èèyàn nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Lágéré lọ sí Sàbó, ẹ ó gbọ́ ìkínní: "Orí ni o. Bí kálukú ṣe yàn án nìyẹn." Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó gbọ́ ìkejì lẹ́nu àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwúrí ṣòwò: "Yí èrò rẹ padà, ayé rẹ á yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ tòṣì ló ń tòṣì."

Ẹni tí owó oúnjẹ ò délé fún wá dúró sáàárín méjèèjì. Bí ìkínní bá jóòótọ́, kò sí nǹkan kan tó lè ṣe sí i. Bí ìkejì bá jóòótọ́, a jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ fa ìyà wálé. Èwo ni ká gbà nínú ẹ̀?

Lójú tèmi, ńṣe làwọn méjèèjì bu ọ̀rọ̀ orí jẹ létí, wọn ò jẹ ẹ́ dénú. Ohun táwọn àgbà ń sọ nípa orí gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àánú sì wà nínú ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ jẹ́ babaláwo kó tó yé yín, kò sì sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní orí gan-an?

Orí méjì ló wà. Orí òde ni èyí tí à ń de gèlè sí, tí à ń dé fìlà lé. Orí inú kò ṣeé fojú rí: ìpín tí èèyàn gbà lọ́run kó tó wáyé ni. Bí wọ́n bá ní orí ẹnìkan dára, tàbí pé kò dára, orí inú ni wọ́n ń bá wí.

Ìpín yìí náà kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà ń wá. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí èèyàn kúnlẹ̀ tó fúnra ẹ̀ yàn. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí wọ́n kó fún un láti fi ṣe èyí tó yàn. Àyànmọ́ ni èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn, tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè kí wọ́n tó ṣe é: ilé tí wọ́n bí i sí, ìgbà tí wọ́n bí i, bó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ẹ fi wé àgbẹ̀ kòkó. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, bó tóbi bó kéré, bó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tàbí bèbè odò, àyànmọ́ nìyẹn. Pé kòkó ló wù ú, tí kì í ṣe ọ̀pẹ, àkúnlẹ̀yàn ni. Àdá ọwọ́ ẹ̀, irúgbìn tó rí gbà àti agbára apá ẹ̀ ni àkúnlẹ̀gbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, síbẹ̀ kòkó ò tíì dénú àpò. Ó ṣì ku kí ẹnìkan jí lọ sóko.

Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń kó pọ̀ tí a ń pè ní àyànmọ́ tàbí kádàrá, a ó sì wá ní "àyànmọ́ ò gbóògùn". Bí ọ̀rọ̀ ṣe le bí òkúta mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Òwe náà ò parọ́, bí a bá lò ó síbi tó yẹ. Kò sí oògùn tó lè pààrọ̀ ìyá tó bí ọ. Àmọ́ ọmọ tí kò rówó ilé ìwé ẹ̀ san, a ò tíì mọ̀ bóyá tiẹ̀ wà nínú èyí tí kò gbóògùn.

Ta ló jẹ̀bi nílé Àjàlá?

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó sí dáadáa nìyí, torí ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń fi ti ọ̀rọ̀ orí lẹ́yìn rèé, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbọ́ ọ tán rí.

Ó wà nínú Ogbè-Ògúndá, ọ̀kan nínú àwọn odù, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n pín ẹsẹ Ifá sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń tọ̀run bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yà nílé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, kí kálukú lọ mú tiẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ tààrà. Wọn ò bá Àjàlá nílé. Nígbà tí wọ́n dúró dúró tí ó sú wọn, wọ́n wọlé, wọ́n mú orí tó tóbi tó sì dùn ún wò. Wọn ò mọ̀ pé èkíní ò tíì jiná nínú iná, pé èkejì ti sán. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, ó jẹ orí náà títí. Wọ́n délé ayé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn ò rí èrè jẹ, torí pé ibi tí òjò ti jẹ nínú orí wọn ni gbogbo èrè náà ń lọ dí.

Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ fún un. Ọbẹ̀ dùn mọ́ oníbodè lẹ́nu débi pé òun fúnra ẹ̀ ló mú Afùwàpẹ́ dé ilé Àjàlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹni tí Àjàlá jẹ lówó, ó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Àjàlá ti sá gun orí àjà! Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó sì bá a yan orí tó jiná dáadáa.

Ẹni tó ń sọ pé "bó ṣe yàn án nìyẹn" kì í fẹ́ kí a béèrè ohun tó kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Oríṣẹ̀ẹ́kú ṣẹ̀? Kò jalè, kò parọ́, kò tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Orí tó rẹwà ló rí, òun ló mú, bí èmi àti ẹ̀yin náà ì bá ti ṣe. Ìyà tó jẹ ẹ́ kì í ṣe owó ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló wá mọ orí tí kò jiná? Àjàlá ni. Onígbèsè tó ń sá fún olówó, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìkòkò tí iná ò tíì kàn dáadáa, lọ́wọ́ ẹ̀ ni àbùkù náà ti wá. Ẹ wo bí ìtàn yìí ṣe gbóyà tó. Ó ń sọ fún wa gbangba pé ìyà mìíràn wà láyé tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe nǹkan ló ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Ifẹ̀ níbí, gbé ìbéèrè kan dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kó máa yọ wá lẹ́nu: ṣé a lè pè é ní àṣàyàn, nígbà tí ẹni tó ń yàn ò mọ ohun tó wà nínú ohun tó ń yàn? Bí mo bá ní kí ẹ dijú mú ọ̀kan nínú igbá méjì tí mo bò mọ́lẹ̀, tí ẹ mú èyí tí àkekèé wà nínú ẹ̀, ṣé mo lè wá ní ẹ̀yin lẹ yan àkekèé?

Ẹ tún wo Afùwàpẹ́. Òun náà ò mọ orí yàn ju àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ. Ohun tó ní tí wọn ò ní ni pé ó ya ilé ẹni tó jù ú lọ, ó gba ìmọ̀ràn, oníbodè mọ̀nà fún un, alámọ̀ ṣí ilé fún un. Iyọ̀ tó gbé dání lọ sínú ọbẹ̀ ẹlòmíì. Owó tó gbé dání lọ san gbèsè ẹlòmíì. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ "dá ara rẹ là" lórí fóònù, kò síbi tí Afùwàpẹ́ ti dá nǹkan kan ṣe nínú ìtàn yìí.

Ṣé gbogbo ìyà ló ti ọ̀run wá?

Rárá. Ifá fúnra ẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ ajogun, jagunjagun tí wọ́n ń bá ọmọ aráyé jà: ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, ọ̀ràn, èpè, ẹ̀wọ̀n àti èṣe. Wọ́n lè kọ lu ẹni tí orí ẹ̀ dára gan-an. Kòkó àgbẹ̀ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan lè so wìtìwìtì, kí òjò pọ̀ jù lóṣù Kẹsàn-án, kí àrùn sọ èso di dúdú lórí igi. Kò kan bí ó ṣe yan irúgbìn.

Lẹ́yìn ajogun, ọwọ́ èèyàn tún wà níbẹ̀. Àwa tá a ń gbé Ifẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, tó ń rọlẹ̀ tó ń ru sókè títí di 2000, ibi tí wọ́n máa gbé olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí ló tanná ràn án. Ìkùnsínú lórí ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, àwọn èèyàn di ẹni tó ń sùn sílé onílé. Ṣé gbogbo ará àdúgbò kan ló jọ lọ kúnlẹ̀ lọ́run, tí wọ́n yan pé kí ilé wọn jó lọ́sẹ̀ kan náà? Àwọn tó ṣe ìpinnu náà lórúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Bí a bá wá ní "orí ni", àwọn la gbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tún lè yí padà sí oore, kó má sì jẹ́ orí ló fà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí wọ́n ń ra tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ń ṣe ségesège láàárín 2,000 sí 3,000 dọ́là. Ní 2024, ó kọjá 10,000. Àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà tí wọ́n ti ń pe oko bàbá wọn ní ẹrù ìyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ló wà lọ́rùn àgbẹ̀. Kí ló yí padà? Àrùn àti ojú ọjọ́ tí kò dára ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Ivory Coast. Oríire tàwọn tibí, ẹkún àgbẹ̀ mìíràn ló wà nínú ẹ̀, àgbẹ̀ tí wọn ò rí rí. Nígbà tí 2025 fi máa parí, owó náà ti já wálẹ̀ púpọ̀. Bí ayé ṣe lọ́ mọ́ra tó nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun lè fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ẹ̀, ẹ di àpò yín mú.

Ta ló lè mọ ohun tí ẹlòmíì yàn?

Àwọn àgbà ti dáhùn: orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í sì mọ orí olóyè láwùjọ. Kò sí àmì tó wà lára ẹni tí ẹ ó fi mọ̀.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen jókòó ti àwọn oníṣègùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí Yorùbá ṣe ń dá ohun tó dájú mọ̀. Iṣẹ́ wọn jáde ní 1986. Ohun táwọn oníṣègùn fi yé wọn ni pé ohun téèyàn fi ojú ara ẹ̀ rí ló lè ní òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni, kódà kó jẹ́ ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ. Ẹ gbé e ka orí ọ̀rọ̀ wa. Ta ló wà nílé Àjàlá lọ́jọ́ tí ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Tuntun ń mú orí? Ọ̀rúnmìlà nìkan là ń pè ní ẹlẹ́rìí ìpín. Ẹni tó bá wá fọwọ́ sọ̀yà nípa ìyá náà pé "òun ló yàn án", ohun tí kò fojú rí ló ń sọ bí ẹni tó fojú rí.

Àwọn Kristẹni náà ní irú ẹ̀. Nínú Ìwé Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ wá kí i nínú eérú, wọ́n ń sọ fún un pé ó ní láti jẹ́ pé ó ti dẹ́ṣẹ̀. Ní orí kejìlélógójì, àwọn ọ̀rẹ́ náà ni Ọlọ́run bínú sí.

Ẹ sì tún fetí sí ìkíni wa. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù là ń kí i, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí òfò ṣẹ̀, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Nínú gbogbo "ẹ kú" tí Yorùbá ní, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lóǹkà, mi ò tíì gbọ́ "ẹ kú àkúnlẹ̀yàn".

Kí ló wá ṣeé yí padà?

Nǹkan méjì ni Ifá dì mọ́ orí lára, àwọn méjèèjì sì wà nílé ayé níbí.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kúrú: gbogbo orí péjọ láti ṣe ìpàdé, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò rí ọ̀rọ̀ náà fìdí múlẹ̀, àfìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀. Orí tó dára tí ẹsẹ̀ ò gbé jáde, ilé ló máa jókòó sí. Àwọn Mùsùlùmí náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ní kí èèyàn so ràkúnmí ẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìkejì ni ìwà, èyí ló sì le jù. Ìwà jẹ́ ìyàwó Ọ̀rúnmìlà rí. Ó ní àbùkù tiẹ̀, ọ̀bùn ni, Ọ̀rúnmìlà bá lé e jáde. Bó ṣe lọ, nǹkan dojú rú fún Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín fúnra ẹ̀. Ó wá di ẹni tó ń ti ilé ọba kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọrin béèrè Ìwà. Bàbá Ìwà ń jẹ́ Sùúrù, ọmọ àkọ́bí Olódùmarè. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé Ìwà ò pé pérépéré kó tó wúlò. Ọ̀rúnmìlà kọ́ láti gbà á pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ̀. Àwọn tó ń ta ìwúrí máa ń ṣèlérí pé ọjọ́ mélòó kan ni ẹ ó fi di ẹni tuntun. Ọmọ Sùúrù kì í gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Iléṣà fún àpẹẹrẹ àwọn èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ogun Kírìjí tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ká. Ṣáájú rẹ̀ gan-an, ní 1870, Ìbàdàn ti kó Iléṣà. Ìlú tó jáde nínú irú èyí, ẹ lè fojú inú wo ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú ìran tó tẹ̀ lé e ni òṣómàáló ti jáde: àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ ká abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi pé. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín sí lílóṣòó yẹn. Ohun tá a kì í rántí ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò ní kọ́bọ̀ á tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n tàbí ará ilé ẹ̀ tó ti wà lẹ́nu òwò, á máa ru ẹrù, á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń díye lé aṣọ àti irú ẹni tí wọ́n ń tà láwìn fún, kí wọ́n tó wá já a sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà tiẹ̀. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, wọ́n rin ilẹ̀ Yorùbá já. Sùúrù wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹnìkan ló fi aṣọ àkọ́kọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Bó bá ṣeé tún ṣe, ṣé ó ṣì jẹ́ kádàrá?

Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ò tíì bára wọn parí. Àwọn kan ní ohun tí a yàn ò yẹ̀, ohun tí ẹbọ àti akitiyan ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ajogun dí i lọ́nà. Àwọn mìíràn ní orí tí òjò jẹ ṣeé dí, bí Oríṣẹ̀ẹ́kú ṣe ń dí tiẹ̀. Mo sún mọ́ àwọn kejì, nítorí ohun tí ojú mi ń rí ní Òkè Ìtasẹ̀. Lóṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn babaláwo ń péjọ síbẹ̀ fún ọdún Ifá, wọ́n sì ń dífá ọdún tuntun fún gbogbo ayé. Wọ́n á sọ ire tó ń bọ̀, wọ́n á sọ ibi, wọ́n á sì ka ohun tí wọ́n ní kí a ṣe sí i. Bí ọdún ò bá ṣeé tún ṣe, kí ni wọ́n ń ka èyí tó kẹ́yìn fún?

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń dífá fún ẹyọ ẹnìkan. Ẹni tó wá kì í sọ ìṣòro ẹ̀ fún babaláwo. Owó ló máa ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, á sì gbé owó náà sílẹ̀. Babaláwo á dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, á wo èyí tó jáde nínú odù 256, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ ẹ̀ lọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ó lè ki mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìmọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹni tí ìyà ń jẹ ló máa dá a dúró, tó máa ní, "Ẹ padà sórí èyí tẹ́ ẹ kì tán yẹn, bàbá. Tèmi nìyẹn."